Kíláàsì Òṣèlú Ọjọ́ Sátidé ní Ìkòròdú: Ṣé Ó Tó Owó Tí Wọ́n Ń Gbà?

Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú gun àtẹ̀gùn ilé yẹn. Kíláàsì ni. Báírò àti ìwé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ wá pàtẹ́wọ́ fún olóyè kankan. Mo ń kọ èyí nítorí àwọn oníbàárà mi tí wọ́n ń bi mí pé, "Àǹtí Télọ̀, kí lẹ tún ń lọ ṣe lókè yẹn, ṣé ẹ fẹ́ díje ni?" Mo tún ń kọ ọ́ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ti rí ìkéde ẹ̀ lórí WhatsApp, tí wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n san owó tàbí kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ẹ san án. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ àtohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ọjà Sábo ni, lókè ilé alájà kan tí wọ́n ti ń ta táyà àti bátìrì nísàlẹ̀. Ẹ ò ní rí pátákó. Onílé ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé òun ò fẹ́ kí wọ́n kọ "òṣèlú" sára ilé òun, nítorí bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọọ̀ta á fẹ́ mọ ẹgbẹ́ tí òun ń ṣe. Ẹni tó bá ti gbé Ìkòròdú lásìkò ìbò rí ò ní bá bàbá náà jiyàn. Torí ẹ̀ ni kò fi lórúkọ. "Kíláàsì" la ń pè é. Bẹ́ ẹ bá bi oníbátìrì léèrè, á kàn nawọ́ sókè ni, kò ní yanu.

5,000 náírà ni owó ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń parí, wọ́n á fún yín ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ àti omi inú ọ̀rá. Owó yẹn ò tó bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ń mu lọ́sẹ̀, nítorí náà mi ò lè pariwo pé ó wọ́n. Àga oníke ni wọ́n ń lò. Àwọn kan ti sán lẹ́sẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó fìdí lé e. Fáànù méjì ló wà, ọ̀kan ló ń yí. Bí iná bá lọ, àfi kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé, bẹ́ ẹ bá sì ti ṣí i, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì títì á bá yín dá sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ń kọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ oníbátìrì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà, kì í sì í sábà sí nítòsí. Ẹ jẹ́ ká fi ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà.

Olùkọ́ méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó máa ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jókòó. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n lò gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìbò onígbà díẹ̀ lọ́dún 2023 nígbà tó ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, kò sì fẹ́ràn ẹni tó bá pẹ́ dé. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ wa, wọ́n á da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn níbi tó bá ti pọn dandan. Ìyẹn gan-an ló mú mi dúró. A ní akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, a ní ọlọ́kadà láti Ìṣáwọ̀, a ní ìyá kan tó ń ta ẹja láti Báyékù, a sì ní onígbàjámọ̀ kan tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn ló ń dá sí ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ìpàdé mìíràn tí mo ti lọ, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń sọ̀rọ̀, àwa yòókù á sì máa mi orí bí alángbá.

Òfin ọjọ́ orí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Not Too Young To Run. Lọ́yà tò ó fún wa bó ṣe lọ: YIAGA Africa àtàwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e káàkiri; Tony Nwulu, tó ń ṣojú apá kan Òṣòdì-Ìsọlọ̀ níhìn-ín ní Èkó nígbà yẹn, ló gbé e dé ilé aṣojú-ṣòfin; Abdulaziz Nyako ló gbé e dé ilé aṣòfin àgbà; àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i, Ààrẹ Buhari sì bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ẹni tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 40 tẹ́lẹ̀, ó ti di 35. Ilé aṣojú-ṣòfin àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ọdún 30 tẹ́lẹ̀, ó ti di 25. Ti gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀ ò yí padà, 35 ni wọ́n bá a, 35 ni wọ́n fi í sí. Àwọn tó ja ìjà náà tún fẹ́ kí èèyàn lè díje láìwọ ẹgbẹ́ kankan, àmọ́ ìyẹn ò di òfin.

Ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ti nawọ́. Ó ní, "Lọ́yà, ẹ ṣeun o. Mo ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èló wá ni fọ́ọ̀mù?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn á wà nínú kíláàsì mìíràn, ó sì bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí pátápátá. Kíláàsì mìíràn yẹn ò dé.

Àléébù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ wọn nìyí, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn. Owó fọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Nígbà tí wọ́n ń múra ìbò ọdún 2023, 100 mílíọ̀nù náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ. Ti gómìnà jẹ́ 50 mílíọ̀nù, ti aṣojú-ṣòfin jẹ́ 10 mílíọ̀nù, ti aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 2. PDP ta ti ààrẹ ní 40 mílíọ̀nù, ti aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, ti aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 600,000. Òótọ́ ni pé APC fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 40 ní ẹ̀dínwó, wọ́n sì ní kí obìnrin san kìkì owó ìfìfẹ́hàn, ìyẹn apá tó kéré nínú owó fọ́ọ̀mù. Ẹ wá jẹ́ ká ṣe ìṣirò aránṣọ. Ká ní èmi obìnrin fẹ́ lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Alausa lábẹ́ ẹgbẹ́ yẹn, owó ìfìfẹ́hàn nìkan jẹ́ 500,000. 8,000 ni mo ń gba iṣẹ́ ìró àti bùbá kan. Màá rán tó mẹ́tàlélọ́gọ́ta kí n tó rí owó ìwé nìkan, láìjẹun, láìra òwú, láìsan owó ṣọ́ọ̀bù, láìtíì lẹ pósítà kan ṣoṣo mọ́ ara ògiri. Wọ́n ti dín ọdún kù, owó ni wọn ò dín kù tó. Kíláàsì tó bá fẹ́ kí ọ̀dọ́ wọ òṣèlú, tí kò wá fi odindi àárọ̀ kan sọ̀rọ̀ owó, nǹkan kù nínú ìmọ̀ràn ẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń dáwó jọ fún ẹni tí kò ní? Ta ni òfin gbà láyè láti fún un, kí sì ni olówó tó bá dá owó fún un máa fẹ́ gbà padà? Ohun tí ọlọ́kadà ń béèrè nìyẹn.

Kíláàsì tó gbóná jù ni ti ìwọ́de. Ọmọbìnrin yẹn ló kọ́ wa. Ó pín pátákó sí méjì, ó kọ "Oṣù kẹwàá 2020" sí apá kan, ó kọ "Kenya, oṣù kẹfà 2024" sí apá kejì. Ní Kenya, àbá òfin owó ìjọba ló dá wàhálà sílẹ̀: wọ́n fẹ́ gbé owó orí 16% lé búrẹ́dì, wọ́n sì tún fẹ́ máa gba 2.5% lórí iye ọkọ̀ èèyàn lọ́dọọdún. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ka àbá náà kí wọ́n tó bọ́ sí títì. Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí àwọn èdè ìlú wọn, wọ́n ń ṣàlàyé ẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ lórí TikTok, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ ibi tí owó máa ti jáde lápò òun. Ìjọba kọ́kọ́ yọ ti búrẹ́dì àti ti ọkọ̀ kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ ò gbà. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà, wọ́n ya wọ ilé aṣòfin ní Nairobi, àwọn agbófinró yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Ruto ní òun ò ní bu ọwọ́ lu àbá náà mọ́.

Onígbàjámọ̀ wa dìde. Ó ní ṣé àwa ò kọ tiwa sílẹ̀ ni? Òótọ́ ló sọ. Nǹkan márùn-ún làwọn ọ̀dọ́ EndSARS béèrè: kí wọ́n tú gbogbo ẹni tí wọ́n mú nínú ìwọ́de sílẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdájọ́ òdodo fún àwọn tí ọlọ́pàá pa, kí wọ́n sì fún àwọn ẹbí wọn lówó ìtánràn, kí ìgbìmọ̀ tó dá dúró wádìí ìwà ọlọ́pàá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn òṣìṣẹ́ SARS wò, kí wọ́n sì tún wọn kọ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ẹ̀ka mìíràn, kí wọ́n fi kún owó oṣù ọlọ́pàá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn máa ń wú mi lórí. Àwọn tí ọlọ́pàá ń yẹ fóònù wọn wò lójú pópó ló ní kí ìjọba sanwó gidi fún ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ 11 oṣù kẹwàá, ìjọba ní àwọn ti tú SARS ká. Lọ́jọ́ 20, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹkki ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí adájọ́ fẹ̀yìntì Doris Okuwobi ṣe alága ẹ̀, gbé ìròyìn ẹ̀ kalẹ̀ fún ìjọba Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 2021.

"Kí ló wá dé," ni onígbàjámọ̀ wí, "tẹ́ ẹ fi ń sọ ọ́ bíi pé wọ́n gbọ́n jù wá?"

Èsì tí olùkọ́ fún un ni mo rò pé ó tó owó tí mo san. Ó ní àwọn ará Kenya ní ìwé kan pàtó tí wọ́n fẹ́ dá dúró, ìwé yẹn sì ní ọjọ́ tí ààrẹ gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lù ú. Ẹnìkan, ọwọ́ kan, báírò kan. Tiwa kì í ṣe ohun tí èèyàn lè dá dúró, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́ ni: ọlọ́pàá mìíràn. Ìyẹn ń fẹ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ó ń fẹ́ òfin, ó ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti kúrò níbẹ̀. Ó ní kí á máa bi ara wa léèrè, kí á tó jáde síta, bóyá ohun tí a fẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n lè fagi lé tàbí èyí tí wọ́n ní láti kọ́ láti ìpìlẹ̀. Onígbàjámọ̀ ò gbà pátápátá. Ó ní ẹni tó ń sọ pé kọ́ nǹkan láti ìpìlẹ̀ kò tíì sùn ní téṣàn rí. Mi ò rí èsì fún ìyẹn, olùkọ́ náà ò rí i.

Ọ̀rọ̀ ìbò ọdún 2023 náà wáyé, mi ò ní gùn ún títí. INEC ní orúkọ èèyàn 93,469,008 nínú ìwé, àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 34 nínú wọn lé ní mílíọ̀nù 37. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, gbogbo àwọn tí ẹ̀rọ tó ń yẹ olùdìbò wò fọwọ́ sí káàkiri Nàìjíríà kò ju mílíọ̀nù 25 àti díẹ̀ lọ. Ní Èkó, Peter Obi ní ìbò 582,454, Tinubu ní 572,606. Nígbà tí ìbò gómìnà fi máa dé ní oṣù kẹta, Sanwo-Olu ní 762,134, Rhodes-Vivour, tó wá látinú ẹgbẹ́ Obi, ní 312,329. Àwọn kan nínú kíláàsì ní ẹ̀rù ló lé àwọn sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ní ó ti sú àwọn. Wọ́n jà lórí ẹ̀ títí akọrin ọ̀hún fi dákẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ti kíláàsì tí mi ò lè gbàgbé. Àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ìwé òfin ọdún 1999 ni. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ fún wa, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà níbẹ̀, Lọ́yà sì ní kí oníkálukú ka ẹyọ kan sókè, kó sọ ọ́ ní Yorùbá tí ìyá ẹ̀ máa gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ka tiẹ̀: ibi ìsìnkú, àti ilé fún aláìní àti aláìlera. Ẹlòmíràn ka tiẹ̀: láísẹ́ǹsì fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré, bárò àti ọmọlanke. Ọjà, gáréèjì, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Títì àdúgbò, iná ojú pópó, gọ́tà. Orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ara ilé. Kíkọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ti òkú, ti ìgbéyàwó. Pátákó ìpolówó, ajá àti ẹran ọ̀sìn, ṣọ́ọ̀bù, kíóósì, ilé búrẹ́dì, ilé ìfọṣọ, ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Ó kan ìyá ẹlẹ́ja. Ó gbé awò ẹ̀ sókè, ó kà á jẹ́jẹ́: "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún gbogbo ará ìlú, àti kíkó ìdọ̀tí dànù." Ó wo ìwé náà, ó wo Lọ́yà. "Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà látọdún 1999, tí mo wá ń san owó fún àwọn ọmọ yẹn lọ́jà kí n tó tọ̀?" Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà mìíràn, òun fẹ́ mú un lọ fún ìyálọ́jà.

Mo wo tèmi. Ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, èmi nìyẹn. Pátákó tí mo gbé síta, èmi náà nìyẹn. Gọ́tà tó máa ń kún bọ́ síwájú ẹ̀rọ mi bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan, èmi ni. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń tẹ́tí sí rédíò, Abùjá là ń bá jà. Olùkọ́ wa obìnrin ní kí ẹni tó bá mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ẹ̀ nawọ́. Ọwọ́ tó gòkè kò pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ẹni tó jẹ́ pé àbúrò ìyàwó káńsẹ́lọ̀ ọ̀hún ni. Ó wá kọ èyí sójú pátákó: ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, ipò alága 57, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo ẹ̀, ipò káńsẹ́lọ̀ 376, ẹgbẹ́ kan náà kó 375. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yẹn, ẹ má bínú sí mi, bí LASIEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ Èkó, ṣe kéde ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Mi ò rò pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló yẹ ká bi léèrè, àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí wọ́n ń lo ọ̀dọ́ fún ariwo ààrẹ, ibo ni wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù?

Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ̀ pé káńsù tí mo ń gbé lábẹ́ ẹ̀ ò sí nínú ìwé òfin. Ìgbógbó-Báyékù ni mo wà. Ìjọba Èkó dá 37 LCDA, ìyẹn àwọn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ dá, sílẹ̀ lọ́dún 2003. Lọ́jọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá wọn sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ náà ò tíì parí àfi bí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá ṣe èyí tó kàn wọ́n. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, 20 ni ìwé òfin mọ̀ fún Èkó. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, káńsù mẹ́fà la ní: Ìkòròdú fúnra ẹ̀, Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ́tà. Orúkọ kan ṣoṣo ló ń gba owó láti Abùjá, ọmọ mẹ́fà ló ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá dájọ́ lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn, mo bá wọn yọ̀. Lọ́yà ló jẹ́ kó yé mi pé ìbéèrè wà lábẹ́ ayọ̀ yẹn: tààrà sọ́wọ́ ta ni, nígbà tí 37 nínú 57 ò sí nínú ìwé? Ó ṣàlàyé ẹ̀ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó sì dá wa lóhùn títí ó fi yé ọlọ́kadà.

Ti owó orí yára kọjá, ìyẹn dùn mí díẹ̀, torí oníṣòwò la pọ̀ jù. Wọ́n kàn sọ fún wa pé lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá ju 800,000 lọ ò ní san owó orí lórí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ lára wa ló ń fẹ́ mọ báwo la ṣe máa fi hàn pé tiwa ò tó bẹ́ẹ̀, àwa tí a ò ní ìwé owó. Aago kan ti lù.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ló dára jù lọ. Lẹ́tà ni. Òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ lè lọ sílé ẹjọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí wọ́n bá sì fi ìwé náà dù yín láìtọ́, 500,000 náírà ni owó ìtánràn. Ẹni tí kò lè kọ̀wé lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó bá sọ ọ́ fún ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn tipẹ́ pé òfin yẹn ò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo wọn.

Mo kọ tèmi sí ọ́fíìsì ìjọba kan, mo béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa àti iye tí wọ́n ti ná. Mo fi ìkíni gígùn bẹ̀rẹ̀, "ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olúwa á dá yín sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣàánú wa." Ọmọbìnrin yẹn mú báírò pupa, ó fi ìkíni sílẹ̀, ó fa ìlà sí "ẹ ṣàánú wa." Ó ní, "Àǹtí, ẹ kí wọn dáadáa, ilé la ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ròde. Àmọ́ ẹ ò tọrọ nǹkan kan." Ó ní kí n kọ nọ́ńbà òfin náà sí i, kí n kọ ọjọ́, kí n ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí màá mú padà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó gba lẹ́tà náà ní ọ́fíìsì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo ní aránṣọ ni mí. Ó lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ méje kọjá, èyí tí wọ́n lè fi kún un náà kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH kan tó béèrè ohun tó kéré ju tèmi rí èsì gbà, ojú ìwé méjì, ó gbé e wá, gbogbo wa sì kà á bí ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó. Fún àwa tí a ò rí èsì, kíláàsì ò ní ètò kankan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n kọ́ wa pé ilé ẹjọ́ wà, wọn ò sọ èló ni lọ́yà máa gbà kó tó bá aránṣọ lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ló tún dé yìí.

Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ kankan lẹ́nu wọn, mo sì rí ìdánwò ẹ̀. Ní Sátidé kan, ọkùnrin kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ gòkè wá pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lọ́pọ̀ yanturu àti ìwé tí wọ́n tẹ àwòrán olóyè kan sí lẹ́yìn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní kóun wá kí àwọn ọ̀dọ́. Lọ́yà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kíláàsì ló máa pinnu, wọ́n sì fi ọwọ́ dìbò níṣojú ẹ̀. Ìwé padà sí bọ́ọ̀tù. Omi dúró, torí ìyá ẹlẹ́ja ní omi ò lẹ́gbẹ́.

Ta ló yẹ kó lọ? Ẹni tó fẹ́ díje gan-an máa rí òfin níbẹ̀, kò ní rí owó, kó lọ béèrè ìyẹn níbòmíràn. Ẹni tó ń ṣòwò, tó ń san tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ láìmọ ẹni tó ń san án fún, ẹ má jẹ́ kó fò ó. Ẹni tó kàn fẹ́ bú ìjọba kí ọkàn ẹ̀ fúyẹ́, ara ẹ̀ ò ní lélẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní lẹ́tà kọ.

Wọ́n ti ń gba orúkọ àwọn tó máa bẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé wa. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ráńdábáọ̀tù, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, torí kò síbi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí. Ẹ gba rìsíìtì yín, wọ́n máa ń gbàgbé láti fún èèyàn. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan, wọ́n á gbà yín, wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ fi fìlà sílẹ̀ nílé.